Kóńgò MySQL

Bí ẹ bá fẹ́ kí olùtọ́jú dátábéèsì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ bi í pé irinṣẹ́ wo ló dára jù. A ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ kan ní Imoru. Bó ṣe ń yin MySQL, ẹ ó ní òun ló bí i. Michael Widenius, ọmọ Finland, ló sọ ọ́ lórúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, My. Nígbà tó tún ṣe MariaDB, ó fún un lórúkọ àbúrò My. Baba rere!

Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ "utf8" létí ẹ̀gbọ́n. UTF-8 gidi, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà àti àmì, máa ń lo báìtì 1 sí 4 fún àmì kọ̀ọ̀kan. "Utf8" ti MySQL kì í gbà ju 3 lọ, bíi kóńgò gàrí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ́ àti ṣ tiwa ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ emoji ni kò rí àyè. Ní 2010, dípò kí wọ́n tún ìdí kóńgò ṣe, wọ́n gbé tuntun jáde: utf8mb4. Ti àtijọ́ ṣì wà lórí àtẹ.

Oníbàárà kan wá fi emoji ẹ̀rín kún orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, iṣẹ́ bá dúró. Ẹ̀gbọ́n fárígá, ó ní òun ń kó lọ sí PostgreSQL lọ́la. Ìyàwó rẹ̀ ní bó ṣe wí léṣìí náà nìyẹn.