Oorun Tó Dá Lójú ní Mushin àti ní Peckham

Oorun kì í lọ tààrà láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ó ń yí po ní ìpele-ìpele, ìyípo kan sì ń gbà tó 90 ìṣẹ́jú. Bí ọ̀kan bá ti fẹ́ parí, oorun á fúyẹ́, ẹni tó sùn á jí díẹ̀, á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á sì tún sùn lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní í rántí pé òun jí. Jíjí lóru kì í ṣe àrùn. Ìgbà tí oorun bá dá lójú, tó kọ̀ tí kò padà, ni ọ̀rọ̀ di wàhálà, wàhálà ọ̀hún kò sì rí bákan náà ní Mushin l'Ékòó àti ní Peckham ní London.

Ní Mushin, ohun tó ń jíni lóru kì í ṣàìní ẹni tó fà á. Wọ́n á mú iná lọ ní aago méjì, fáànù á dúró, ooru á gba yàrá, ẹ̀fọn ò sì ní í pẹ́ dé. Aládùúgbò á fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour". Bí èyí bá dákẹ́, ìjọ tó ń ṣe ìṣọ́ òru á fi gbohùngbohùn lé Sátánì, ẹnikẹ́ni ò sì ní í sùn títí Sátánì yóò fi lọ. Ẹni tó jí á bú àwọn oníná, á bú aládùúgbò, á fo ìjọ dá nítorí kò fẹ́ bá Ọlọ́run jà. Inú rẹ̀ á rọ̀. Bí iná bá dé, tí wọ́n sì ké "Up NEPA!" báyìí, ó ti sùn lọ. Èébú wà lára oògùn oorun tí kò sí nínú ìwé dókítà.

Ní Peckham, ta lèèyàn fẹ́ bú? Iná kì í lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lè ké lẹ́yìn ilé bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, pàápàá ní oṣù kìíní tí wọ́n ń gùn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. Tàbí kí ẹ̀rọ tó ń kéde èéfín lókè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í dún "píì", nítorí bátìrì tó ti rẹ̀ túbọ̀ ń rẹ̀ nígbà tí òtútù òru bá mú un. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku èèyàn àti ọkàn rẹ̀: owó ilé, físà, owó iléèwé àbúrò.

Ìmọ́lẹ̀ náà ń dá kún un. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni ọpọlọ fi ń mọ àsìkò oorun. L'Ékòó, oòrùn kì í jìnnà sí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje kó tó yọ, yípo ọdún. Ní London, ó ń yọ ṣáájú aago márùn-ún lóṣù kẹfà. Lóṣù kejìlá, ó ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó tún ń ṣiṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó, ọ̀sán ló ń bẹ oorun. Obì pẹ̀lú ń ṣe tiẹ̀: kafíìnì inú rẹ̀, tí àwọn ọlọ́dẹ fi ń ṣọ́ òru, kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó wọ bàálù.

Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ni pé bí oorun kò bá padà láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kéèyàn dìde, kó jókòó síbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ jù, kó má wo aago, kó má fọwọ́ kan fóònù. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà American College of Physicians fi irú ìtọ́jú tí ìmọ̀ràn yìí wà nínú rẹ̀ ṣáájú oògùn oníhóró fún àìróorunsùn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìmọ̀ràn náà dára fún ẹni tó ń dá gbé. Nílé, bí ẹsẹ̀ bá dún ní pálọ̀, ìyá á ti béèrè pé, "Ta nìyẹn? Kí ló ń ṣe ọ́?" Àdúrà á bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á jí.

Fún ẹni tó wà l'Amẹ́ríkà, ìpè láti ilé ló wá burú jù. Aago 9 òwúrọ̀ l'Ékòó, aago 3 òru ni ní Houston nígbà ooru. Nígbà òtútù, aago 2 ni. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pe ọmọ yín níbẹ̀ láti béèrè bóyá ó sùn dáadáa, ẹ kọ́kọ́ yọ wákàtí mẹ́fà tàbí méje kúrò nínú aago yín.