Wọn Kì í Wo Ẹnu Àáké

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn àgbà fi òwe yìí gbóríyìn fún onífaradà ni. Àwọn ọmọ ìwòyí tó ń gbé sọ́fítíwìà ìṣirò sórí kọ̀ǹpútà gbà á sí òfin: kí irin máa ké, ìyẹn ni kí kọ̀ǹpútà máa sọ ibi tí àṣìṣe wà, wọn kò ní wò ó.

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó yẹ kí èyí tini lójú. Ìlú agbẹ́gilére ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Lámídì Fákẹ́yẹ sí, ẹni tó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Báńdélé Aréógun ní Ọyẹ́-Èkìtì, tó sì gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kó tó papòdà ní 2009. Ẹ sọ fún agbẹ́gilére pé kó má wo ẹnu irin rẹ̀, kí ẹ wá wo ojú tó máa fi wò yín.

Oyin tibí ni GNU Octave, sọ́fítíwìà ìṣirò tí John Eaton ti bẹ̀rẹ̀ láti 1992. Ọ̀fẹ́ ni, èdè rẹ̀ sì sún mọ́ ti MATLAB tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á fò ó, á lọ gba ayédèrú MATLAB lórí fíláàṣì ọ̀rẹ́. Ìlànà àkọ́kọ́ tó bá a wá ni pé kó pa ohun tó ń lé kòkòrò kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Olè ní kí onílé ti ajá mọ́lé, onílé sì dúpẹ́!

Ẹni tó gba Octave náà kò tíì bọ́. Ó tẹ àṣẹ syms x, Octave ní òun kò mọ syms. Àlàyé wà lábẹ́ rẹ̀, kedere: inú àkójọ symbolic ló wà, o ti ní in, o kò kàn tíì pè é ni, tẹ pkg load symbolic. Ta ló ń kà á? Ọ̀gbẹ́ni ti yọ Octave dànù. Ó ra dátà, ó tún un gbà, NEPA mú iná lọ ní ìdajì, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún yọjú. Ó fọ gbogbo kọ̀ǹpútà nù, tòun ti iṣẹ́ àṣekágbá tó wà nínú rẹ̀. Symbolic tún nílò Python àti SymPy. Bí wọn kò bá sí, ó máa sọ ìyẹn náà.

SageMath, sọ́fítíwìà ìṣirò mìíràn tí William Stein dá sílẹ̀ ní 2005, tún le díẹ̀. Ẹ̀dà 9.3 ti 2021 ló gbẹ̀yìn tó ní fáìlì tí olùlo Windows kàn máa tẹ̀; báyìí, inú WSL, ìyẹn Linux tó ń gbé nínú Windows, ni wọ́n ń gbé e sí. Ó wà nínú ìwé ìtọ́ni. Àwọn kan ṣì ń wá fáìlì ọ̀hún kiri. (Bóyá Ọpọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló kó bá wọn: nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé e jáde ní 2013, ìwé ti wà nínú rẹ̀ kó tó dọ́wọ́ ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì.)

Nígbà tó bá sú wọn, wọ́n á ké sí ọmọ àdúgbò tó mọ kọ̀ǹpútà. Ó ka àlàyé Octave yẹn, ó tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ó gbowó. Bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó ṣe, á ní iṣẹ́ ńlá ni.