Ṣòkòtò Gan-an Ti Ṣáínà Dé

Akápò ẹgbẹ́ wa dìde, ó ṣí fìlà bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀. Ọdún 2024 ni, àjọ̀dún Ojúde Ọba àwa Ìjẹ̀bú ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní léèsì tí a dáwó fún kò tíì dé. Oníṣòwò tó bá wa rà á ní Ṣáínà ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ Húútì ń yìnbọn lu ọkọ̀ lórí Òkun Pupa, ọkọ̀ wá ń yí gba ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Alhaja kan ló kọ́kọ́ lahùn: "Kí la fi ṣe àwọn Húútì? Ṣé àwọn náà fẹ́ wá gẹṣin ni?" Ẹnì kan dábàá pé ká gbààwẹ̀ ọjọ́ kan fún kọ̀ńténà. Kíá ni wọ́n kín in lẹ́yìn.

Mo wò wọ́n, mo rántí 1892. Nígbà náà, àwa gan-an ni Húútì. Ọ̀pọ̀ ọjà tó ń ti òkè bọ̀ wá sí Èkó, ibodè wa ló ń gbà. Ará òkè kò gbọdọ̀ dé etí ọ̀sà, Èkó kò gbọdọ̀ wọlé. A gbowó, a yọwó, bó bá sì wù wá, a ti ọ̀nà pa. Títì yìí ló bí Carter, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, nínú tó fi rán ọmọ ogun tòun ti ìbọn Máásíìmù sí wa ní oṣù Karùn-ún, wọ́n sì ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọn. Ọmọ àwọn tó ń dínà mọ́ aráyé ló wá ń gbààwẹ̀ kí wọ́n ṣínà fún bùbá!

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Sókótó kẹ̀? Mọ́tò ń lọ ibẹ̀. Ìyẹn kéré lójú Ìjẹ̀bú. Láti àwọn ọdún 1960 la ti ń ra léèsì Lustenau ní Ọ́sítríà. Ìjọba fòfin dè é, a gba Kùtọnu wọlé. Ọ́sítríà wọ́n, a kọjá sí Ṣáínà. Ní ìlú tí àwọn ìyá wa ti ń hun aṣọ olónà fáwọn Òṣùgbó, tọ̀nì-tọ̀pọ̀lọ́ lára rẹ̀! Aṣọ Ìjẹ̀bú làwọn òyìnbó ń rà láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń kó sọdá òkun lọ tà ní Bràsíìlì. Inú mi ru nígbà tí mo rò ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe ọ̀hún gan-an ti ṣá: ṣòkòtò ti Ṣáínà dé, àpò rẹ̀ ti Ṣáínà dé, òwú tí wọ́n fi rán an náà ń bẹ nínú kọ̀ńténà. Kí la gbàgbé síbẹ̀ tí a fẹ́ wá?

Léèsì dé lálẹ́ ọjọ́ Iléyá. Télọ̀ kò fojú kan oorun. Nígbà tí wọ́n tú béèlì, wọ́n ti ṣe é kó jọ sányán, ìlà àlàárì wà láàárín rẹ̀. Alhaja fọwọ́ pa á títí: "Háà, àwọn Ṣáínà yìí mọṣẹ́ o!"

Mo san gbèsè tèmi, mo gba yáàdì mẹ́fà.