Ó Ku Ẹnì Kan

Ọkùnrin tó ń gbé Èkó tó wá lọ fẹ́ ọmọ Ìmàṣàyí, kì í ṣe owó orí ni yóò sọ ọ́ di tálákà, owó ọkọ̀ ni. Ìnáwó kì í tán nílẹ̀ Yewa, bí kò ṣe òkú, á jẹ́ ìkómọ, wọn kì í sì í fi àna sílẹ̀. Bí mo bá ní ọ̀nà jìn, ìyá àwọn ọmọ mi á ní, "Kí ló jìn níbẹ̀? Ṣebí àárín Ìlaròó àti Ayétòrò ni." Bẹ́ẹ̀ ni o, àárín Ìlaròó àti Ayétòrò ni. Bí èèyàn ṣe ń dé àárín ọ̀hún ni ẹnikẹ́ni ò tíì ṣàlàyé fún mi.

Ẹ lè gba Sàngó, Ìfọ̀ àti Pápálàńtò bọ́ sí Ìlaròó. Ẹ sì lè gba Abẹ́òkúta, kí ẹ wọkọ̀ Ayétòrò ní Láfẹ́nwá. Èyí tí ẹ bá gbà, ẹ ó kábàámọ̀ pé ẹ ò gba ìkejì.

Ní gáréèjì, awakọ̀ á ti máa pariwo, "Ó ku ẹnì kan! Ó ku ẹnì kan!" Ẹ yọjú wo inú Máíkírà, ìyá kan ṣoṣo àti adìẹ rẹ̀ lẹ bá níbẹ̀. Ẹ bi í pé àwọn yòókù dà. "Bàbá, ẹ wọlé ná, ẹ̀yin gan-an la ń dúró dè." Ẹ wọlé tán, ó tún ku ẹnì kan. Oòrùn ń yí, ẹnì kan ń kù. Bí ọkọ̀ bá sì kún lójú tiyín, kò tíì kún lójú tirẹ̀: mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà máa ká ẹsẹ̀ sókè nígbàkigbà tí awakọ̀ bá fẹ́ yí i. Èmi ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀. Wọ́n ní mo tín-ín-rín.

Ní ìparí ọdún 1825, òyìnbó kan, Hugh Clapperton, àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander gba Àgbádárìgì wọlé, wọ́n kọjá ní Ìlaròó àti Ìjànnà, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Kìn-ín-ní 1826. Àìsàn bá wọn fínra, àwọn kan nínú wọn kú sójú ọ̀nà. Mo káàánú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dúró de ẹnì kan tó kù.

Owó ọkọ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí lítà epo kan fò láti owó tí kò tó náírà 200 kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ ò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Bí epo bá wọ́n, wọ́n á fowó lé e. Bí epo bá rọ̀ díẹ̀, awakọ̀ á ní ojú ọ̀nà ló bàjẹ́. Ìyẹn ni kò sì purọ́. Eruku pupa lẹ́ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ lójò. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa kan náà ni Ìmàṣàyí wà pẹ̀lú Ìbéṣè, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 2012. Òkúta abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀. Tírélà ń kó o lọ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún àwọn ẹlòmíràn, èmi ń fi áńkáṣíìfù bo imú. Bí àpò kan péré bá lè ṣèèṣì já bọ́ sínú kòtò kan lọ́nà tiwa, n ó dúpẹ́.

Ọ̀kadà ló máa ń parí iṣẹ́. TVS tí ọmọkùnrin tó ń gbé mi ń gùn, ìlú Hosur ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe é wà. Alùpùpù la òkun kọjá, ó dé Ìmàṣàyí, ara rẹ̀ ń dán. Èmi tí mo ti Agége bọ̀, ẹni tó bá rí mi á rò pé èmi ni mo la òkun kọjá.

Ẹ má sì rò pé a ti dé o. Ẹ béèrè ilé, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ máa lọ tààrà. Bí ẹ bá dé ibi tí igi ọ̀dán wà tẹ́lẹ̀, ẹ yà." Igi tó wà tẹ́lẹ̀! Ọlọ́kadà náà ò mọ ibẹ̀, kò sì ní sọ. Á gbé yín yí ọjà po, á já yín sílẹ̀ níbi tí ẹ ti gbéra, á ní òun ò ní ṣéńjì. Nígbà tí mo bá fi máa dé àárín àwọn àna mi, ẹran ti tán, ìrẹsì ti ku èyí tó jóná nídìí ìkòkò. Ìyàwó mi, tó ti wà níbẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, á ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ mà pẹ́ o."

Ìbò 2027 ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó wá bẹ̀ wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé jíìpù wá. Ẹ lọ sí Láfẹ́nwá láàárọ̀, kí ẹ wọ Máíkírà, kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Mo ti yọ̀ǹda àyè mi fún yín.