Ẹ̀gbọ́n Tó Wà Lókè Òkun Ni Wárántì

Ẹ ra fáànù ní Òrè, ẹ ra fóònù, ẹ ra láptọ́ọ̀pù, ẹ wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì. Ìkìlọ̀ kan náà ló máa wà níbẹ̀: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, owó tí a bá ti gbà, ó ti wọlé. Àwọn kan tún kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, sí òkè orí ọlọ́jà gan-an, kí ẹ lè máa kà á bí ẹ ṣe ń ka owó. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018, èyí tó gbé FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀, ní ẹni tó bá ra ọjà tó lábùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà, kó sì gba owó rẹ̀. Àjọ náà ti pariwo títí pé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bófin mu. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dá ọjà padà láti abúlé bí Àgọ́ Aláyè kì í gbé òfin lọ sí Òrè. Èèyàn ló ń mú lọ.

Ó máa wá ẹni tó mọ ìyá ọlọ́jà, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, tàbí alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta fóònù. Wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á bèèrè ọmọ, wọ́n á bèèrè oko, wọ́n á bú ọ̀nà Òrè sí Oǹdó díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù tó yọjú. Ọlọ́jà á wá mí kanlẹ̀: “Bàbá, torí tiyín ni o. Ká ní òun nìkan ló wá ni, kò bá ti rí mi.” Kò ní dá owó padà, torí owó yẹn ti di ọjà mìíràn ní Èkó. Àmọ́ á pààrọ̀ ẹ̀rọ, oníbàárà á fi nǹkan kún un, alágbàwí á mu mínírà tútù kan, kálukú á sì máa lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun lòun jàre.

Ní Lọ́ńdọ́nù, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìyá ẹnikẹ́ni. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 ló ń sọ̀rọ̀. Bí ọjà bá lábùkù, ẹ ní ọjọ́ 30 láti dá a padà kí ẹ sì gba owó yín pé. Bí ọjọ́ 30 bá kọjá, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí àbùkù bá yọjú láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́, ọlọ́jà ni yóò wá ẹ̀rí pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí òun tà á, kì í ṣe ẹ̀yin. Èyí tí ẹ bá sì rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin mìíràn fún yín ní ọjọ́ 14 láti ní ẹ ò ṣe mọ́, láìsọ ìdí kankan. Láìsọ ìdí! Ẹ lọ dán ìyẹn wò nínú gáréèjì Òrè.

Àwa Yorùbá Peckham àti Thamesmead kò pẹ́ rárá ká tó mọ ibi tí àwọn òfin yìí ti dùn. Mo mọ obìnrin kan tó ń wọ bàtà lọ sóde ìnáwó pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì lábẹ́ rẹ̀. Ó ń jó lórí kápẹ́ẹ̀tì nìkan, kò jẹ́ tẹ sìmẹ́ǹtì, ó sì ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, bàtà ti padà sí sọ́ọ̀bù.

Ohun tí àwọn òfin yẹn kò mẹ́nu bà ni ọbẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá fúnra rẹ̀ kú, ẹ ní ẹ̀tọ́. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá ti da ẹ̀gúsí sí i, tiyín ló kù. Nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ sí láptọ́ọ̀pù mi, mo pe iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù níwà pẹ̀lẹ́. Ó ní irú omi wo ló dà sí i. Mo ní kì í ṣe omi. Ó ní ṣé ó gbóná. Mo ní ó ti ń tutù. Ó ní ṣé ó ní ṣúgà. Mo ní rárá, irú ló ní, àti panla, àti pọ̀nmọ́. Ó dákẹ́, mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì, nígbà tó yá, ó ní òun á kúkú kọ ọ́ pé “oúnjẹ.” Ó wá là á yé mi pé àṣìṣe ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni wárántì wà fún, pé ohun tó bá já bọ́, tó fọ́, tàbí tí ọbẹ̀ dà sí, ìnṣọ́ránsì ló ni ín. Ìyẹn sì ní owó tirẹ̀ tí à ń san lóṣooṣù. Ẹni tó ní i pàápàá, yóò kọ́kọ́ yọ iye kan láti àpò ara rẹ̀ kí wọ́n tó san ìyókù.

Ọmọ tó ta ẹ̀rọ náà fún mi ti fi ìnṣọ́ránsì yẹn lọ̀ mí nínú sọ́ọ̀bù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń polówó rẹ̀ ni pé ó ń ka gbogbo aburú tó lè bá ọjà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó rẹ̀: ó lè já bọ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, olè lè gbé e. Kí ni ọmọ Yorùbá ń fèsì sírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” lọ? Mo sọ ọ́ sókè, mo gbé ẹ̀rọ mi, mo jáde.

Ìdájọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe é ni pé owó àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun, kí n jù ú síbi tí wọ́n ń kó òkú ẹ̀rọ sí. Mo dì í sínú báàgì ọwọ́, mo gbé e lọ sílé ní Kérésì. Òrè tí wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró ní 1967, tí gbogbo ayé fi ń wí pé “ó le kú, ìjà Òrè,” ṣé ẹ̀gúsí ni yóò wá borí rẹ̀?

Ọmọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tí wọ́n júwe fún mi jókòó sábẹ́ agboòrùn, kò jìnnà sí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò ti ń dúró kí èrò lè ra ẹran ìgbẹ́ àti ìpékeré. Kò bi mí ní ṣúgà. Ó gbóòórùn ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò tan án lẹ́yìn tó dà sí i? Ẹ ṣe é re.” Ó tú u palẹ̀, ó fi sípírítì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ bọ́ọ̀dù, ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i, ó sì yọ bọ́tìnnì lára ẹ̀rọ mìíràn tó ti kú sórí tábìlì rẹ̀. Ó tàn. Mo ní wárántì ńkọ́. Ó ní, “Bó bá tún ṣe wàhálà, ẹ gbé e wá, ibí ni mo wà.” Kò kọ ọ́ sórí ìwé, kò sì yọ ọbẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ má fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ jẹ ẹran ìgbẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ló ti jẹun tán tó padà wá bá RAM 8GB tó ti di 4GB. Ẹ jókòó tì í.

Àwọn òyìnbó náà ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí báyìí. Oníròyìn kan, Martine Postma, ló bẹ̀rẹ̀ Repair Café ní Amsterdam ní 2009. Àwọn Restart Project náà ń ṣe irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù. Wọ́n á péjọ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n á gbé tíì àti bisikíìtì kalẹ̀, wọ́n á máa tú ẹ̀rọ aládùúgbò, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ ọ́ fún ọmọ Òrè yẹn. Ó ní ta ló wá ń bọ́ wọn? Ìjọba Britain gan-an ṣòfin ní 2021 pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ ìfọwo, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n máa pèsè ẹ̀yà ara wọn fún àtúnṣe. Láptọ́ọ̀pù kò sí níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ń gbà lọ, a mọ̀ ọ́n: nígbà tí United Nations University àti àjọ BCCC-Africa ní Ìbàdàn ṣèwádìí ní 2015 àti 2016, nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Nàìjíríà lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà nínú ikùn ọkọ̀ tòkúnbọ̀.

Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò bàbá mi ní Àgọ́ Aláyè kò gba ọ̀nà yẹn. Tuntun ni, nínú páálí, pẹ̀lú wárántì ọdún kan tó jẹ́ pé Britain nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò dààmú ẹnikẹ́ni nílé. Wọ́n ti ní wárántì tiwọn, èmi ni. Tèmi kò ní ọjọ́ 30. Ó wà fún omi, ó wà fún iná, ó wà fún olè, ó wà fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó jókòó lé e lórí nínú òkùnkùn. Àdúrà ni wọ́n fi ń san owó oṣooṣù rẹ̀, wọn kì í sì jẹ gbèsè.

Ọmọ náà pè. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àìrí ara ẹni.” Nígbà tí ìkíni gùn tó bẹ́ẹ̀, mo ti mọ̀ pé nǹkan ti fọ́. Ó ní òun wà lórí ọ̀kadà, òun ń bọ̀ láti oko, láptọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àpò kòkó wà lọ́wọ́ òsì, ọ̀kadà bá kó sí kòtò. Òun ní láti fi ọ̀kan sílẹ̀. Mi ò rí èsì fọ̀. Ọdún 2024 ni, ọdún tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Èmi náà ìbá di kòkó mú.

Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yọ díẹ̀ lára owó kòkó náà fi tún un ṣe.

“Háà, Bọ̀ọ̀dá mi. Bàbá ló ni kòkó. Ẹ̀yin lẹ ni láptọ́ọ̀pù.”

Mo gbìyànjú láti kọ́ ọ ní ọgbọ́n ìnṣọ́ránsì òyìnbó, pé kó kọ́kọ́ fi iye kan sílẹ̀, kí n fi èyí tó kù kún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Ìyàwó ilé wa ni, èmi sì ti wà nílé kí wọ́n tó gbé e wọlé, torí náà ọkọ ni mo jẹ́ fún un.

“Àkànní ọkọ mi,” ni ó wí, owó sì ti jáde lápò mi nìyẹn. “Ẹ ò ní rí ogun ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ti ń wo ti láptọ́ọ̀pù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ti ẹ̀ńjìnnì ìlọta náà. Ti ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi wa rárá, ewúrẹ́ ló gbé e ṣubú.”

Mo ní ewúrẹ́ ta ni.

“Tiyín ni. Èyí tí ẹ fowó ránṣẹ́ pé ká máa bá yín sìn.”