Mo Fi Omi Oníyọ̀ Gbàlejò Òṣíbàtà

Kò sí Yorùbá tó jókòó nídìí àdúrà tí kò mọ orúkọ òṣíbàtà. Bí wọ́n bá ti ní a ó lékè bíi tirẹ̀, èmi náà ti ṣe àmín títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé báwo ni òṣíbàtà fúnra rẹ̀ ṣe rí.

Àìmọ̀ yìí kò pa mí lára títí mo fi gba ilé sí Àpápá GRA. Àwọn òyìnbó ayé ìjọba amúnisìn ni wọ́n ya àdúgbò yẹn sọ́tọ̀ fún, ìdí nìyẹn tí àgbàlá ibẹ̀ fi gbòòrò. Lẹ́yìn ilé wa ni kòtò ẹja àtijọ́ kan wà, ike àti igò ló kún inú rẹ̀. Mo bá lérí fún ìyàwó mi pé òṣíbàtà ni màá gbìn síbẹ̀, kí ojú wa lè máa rí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí tírélà.

Mo gba Ajégúnlẹ̀ lọ sétí omi. Àsìkò òjò ni. Ewéko tútù bo ojú omi lọ súà, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò ń dán nínú oòrùn. Mo ní òṣíbàtà rèé! Mo sanwó fún ọmọkùnrin kan kó kó o kún àpò ìrẹsì fún mi. Bàbá Ìlàjẹ kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe wò mí títí.

“Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ fi ìyọnu yẹn ṣe?”

Mo ní ọ̀ṣọ́ ilé ni. Bàbá mi orí, wọ́n padà sídìí àwọ̀n wọn.

Ìyọnu ni lóòótọ́. Water hyacinth ni mo rù lọ sílé, ewéko ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà tó gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọlé láti ìhà Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 1984. Bí omi bá bá a lára mu, kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi ń di ìlọ́po méjì. Ó ń dínà mọ́ ọkọ̀, ó ń wé mọ́ àwọ̀n. Ohun tí àwọn apẹja ń lé lọ ni mo fowó rà! Kò pẹ́ tí a fi ń ká ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí tanwíji ń jó lábẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó mi ní, “Dádì, ṣé ẹ̀fọn lẹ wá ń sìn ni?”

Mo kó ìyọnu náà dànù. Màmá kan tó ń ta òdòdó létí títì ló wá fi òṣíbàtà gidi hàn mí. Ewé rẹ̀ rí roboto, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ní ẹ̀là kan tó wọlé dé ibi tí igi ewé ti so mọ́ ọn, etí rẹ̀ sì rí bí eyín ayùn. Kì í rìn kiri lójú omi bí ojúoró; inú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Màmá dá igi ewé kan sí méjì fún mi: ihò tóóró-tóóró ló wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò.

Mo rà á, mo gbìn ín, mo sì fi omi kànga ẹ̀rọ ilé wa kún kòtò. Etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Mo rò pé ebi ló ń pa á, mo da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Omi di àwọ̀ ewé, ó ń rùn débi pé àwọn aládùúgbò ń béèrè ohun tó kú sílé wa. Mo ránṣẹ́ pe màmá olódòdó. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní kí n ṣí ẹ̀rọ omi. Wọ́n bù díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n tu ú dànù.

“Ọ̀gá, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè ni?”

Bẹ́ẹ̀, omi mẹ́ruwà la fi ń dáná látọjọ́ tí a ti débẹ̀, nítorí iyọ̀ inú kànga yẹn kan náà! Iyọ̀ òkun ti wọ omi abẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Àpápá, omi tí kò níyọ̀ sì ni òṣíbàtà ń gbé. (Iyọ̀ náà ló ń pa water hyacinth inú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òjò bá dé, á tún padà.) Mo gbọ́n kòtò gbẹ, mo ra òṣíbàtà mìíràn, mo sì ń pe mẹ́ruwà títí àwọn ará àdúgbò fi rò pé ìnáwó ń bọ̀ nílé wa.

Ó yọ òdòdó. Mo pe bàbá onílé àtàwọn àgbà àdúgbò, aago mẹ́ta ọ̀sán. Wọ́n pé jọ. Gbogbo òdòdó ti padé!

“Ibo lòdòdó ọ̀hún wà?”

Mo ní ó ń sùn. Òṣíbàtà funfun wa yìí, Nymphaea lotus, alẹ́ ló ń là, ṣáájú ọ̀sán á ti padé. Kòkòrò tó ń fò lóru ló ń retí, kì í ṣe bàbá onílé. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín mi, wọ́n rẹ́rìn-ín lọ.

Ní báyìí, ewé ti bo nǹkan bí ìdajì omi, òjìji rẹ̀ kò sì jẹ́ kí omi di àwọ̀ ewé mọ́. Ẹja wẹ́wẹ́ tí mo dà síbẹ̀ ń sá oòrùn lábẹ́ ewé, wọ́n sì ń jẹ tanwíji. Bí ẹ bá fẹ́ gbin tiyín, ibi tí oòrùn ti ń tàn dáadáa ni kẹ́ ẹ wá, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń tu omi sókè sí i, kẹ́ ẹ sì tọ́ omi yín wò kẹ́ ẹ tó rọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wo tèmi, àárọ̀ kùtù ni kó wá. Mi ò gba àlejò ọ̀sán mọ́.