Ajá Wo Ló Bẹ Òrìṣà Pé Kí Àwọn Di Méjì?

Àwọn àgbà ní, ‘Òrìṣà, jẹ́ ká pé méjì’ obìnrin kò dénú. Ìyálé lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń fẹ́ alábàárò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Síbẹ̀, obìnrin inú òwe ṣì rí ẹnu fi gbàdúrà. Ajá tó wà nílé kò bẹ òrìṣà kankan. Olówó rẹ̀ ló gbọ́ pé olè wọ ilé kẹta ní àdúgbò Kinkinau ní Kaduna, ló bá sáré lọ ra òmíràn. Ó fa àlejò gba ẹnu géètì wọlé, ó tú okùn lọ́rùn rẹ̀, ó ní, ‘Bíńgò, wá kí àbúrò rẹ.’ Kó tó ti géètì tán, etí Bíńgò ti ya. Baálé wá káwọ́ lérí, ó ní òun ò mọ̀ pé ajá máa ń jowú.

Àbùkù tí mo rí lára òwe náà ni pé ojú ìyálé ló tẹjú mọ́, kò wo ọwọ́ baálé. Àbùkù yìí gan-an ni alájá òde òní jogún: bí ìjà bá dé, ajá àtijọ́ ló máa kọ́kọ́ nà. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ẹran ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà yẹ ọ̀ràn 38 wò, níbi tí ajá méjì inú ilé kan náà ti ń bára wọn jà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ akọ pẹ̀lú akọ tàbí abo pẹ̀lú abo. Nínú bí ìdá 70, ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ti wà nílé. Kí ló sì ń fa ìjà ọ̀hún? Oúnjẹ ni, ohun tí wọ́n bá he nílẹ̀ ni, ariwo ayọ̀ nígbà tí ẹnìkan bá wọlé ni, àti ìkẹ́ olówó wọn. Ta ló ń bu oúnjẹ? Ta ló ń wọlé? Ta ló ń kẹ́ wọn? Ẹ̀bi tí a dì ru ìyálé, ẹrù baálé ni.

Ẹnìkan lè ní irọ́ ni mò ń pa, pé ajá ìgboro ń rìn ní mẹ́rin-márùn-ún láìsí ìjà. Òótọ́ ni, torí pé èyí tí ara rẹ̀ kò bá gba ti èkejì lè gba òdìkejì títì lọ. Kinkinau ní Kaduna South kò fún ajá àgbàlá ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ògiri ilé kan ló ń ti èkejì lẹ́yìn, ẹnu géètì kan ṣoṣo ló wà, abọ́ tùwó àná kan ṣoṣo ló wà lẹ́bàá rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni wọ́n tún ń kó Caucasian sí, ajá onírun kíki tí òtútù òkè bí, kó wá máa mí hẹlẹhẹlẹ nínú oòrùn oṣù kẹta Kaduna.

Wọ́n á tún ní ayé ti bàjẹ́. Pé láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kaduna ní ọjọ́ 28, oṣù kẹta, 2022, ta ló lè fi ajá kan sùn? Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ajá ilé ni pé kó gbó kí èèyàn lè jí, ajá kan tó gbó sì tó jí gbogbo ojúlé. Bí olè bá ju ẹran olóró sínú ọgbà, méjèèjì ni yóò jẹ ẹ́. Bí a bá sì yí sí ẹ̀sìn, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Kinkinau, ìlànà Málíkì nínú òfin Ìsìláàmù kò sì ka ajá fúnra rẹ̀ sí ẹlẹ́gbin. Hàdíìsì gba ajá ọdẹ, ti ẹran ọ̀sìn àti ti oko láyè, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀san ẹni tó bá ń sin ín láìnídìí ń dín lójoojúmọ́. Nínú Súrà Kahf inú Kùránì, àwọn kan ní mẹ́ta ni àwọn ọ̀dọ́ tó sùn sínú ihò, àwọn kan ní márùn-ún, àwọn kan ní méje. Nínú gbogbo ìṣirò yẹn, ajá kan náà ni. Ọdún 309 ni wọ́n lò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ra ajá Boerboel kún un.

Bó bá wá di dandan kí ajá di méjì, kí baálé ṣiṣẹ́ baálé. Kó fi akọ ti abo, kí dókítà ẹran sì tẹ akọ lọ́dàá, kí méjì má baà di mẹ́jọ. Kó ya àlejò sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ajá tó ti kó àrùn parvo lè máa ṣeré fún ọjọ́ mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìta, níbi tí ìkankan nínú wọn kò ti nilẹ̀, ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ ríra: èèyàn méjì, okùn méjì, kí wọ́n jọ máa rìn lọ. Èyí tí ara rẹ̀ bá le gan-gan, tó tẹjú mọ́ èkejì láìṣẹ́jú, ẹ fà á sẹ́yìn. Èyí tó bá dẹra, tó ń gbóòórùn ìdí èkejì, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ. Nílé, abọ́ lọ́tọ̀, ibùsùn lọ́tọ̀, kí a má sì fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹni tó bá ní wàhálà yìí pọ̀ jù ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀. Ìjà ajá kì í mọ sórí ajá. Ọmọ tó bá sáré wọ àárín wọn ni wọ́n máa bù jẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí dìgbòlugi ń mú láyé, bí 99 ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti kó o, bó bá sì ti hàn lára, ikú ló kù. Láti oṣù mẹ́ta ni ọmọ ajá ti ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ọdọọdún la sì ń tún un gún. Ẹni tí kò bá lè san owó abẹ́rẹ́ kejì, kó má ra eyín kejì.